Bí A Ṣe Ń Wá Èèkù Mìíràn fún Ìbọn Ìléwọ́ Webley Àtijọ́

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Èèkù ni ìbòrí méjì, ọ̀tún àti òsì, tí wọ́n fi sikúrù dè mọ́ ibi tí ọwọ́ ti ń di ìbọn mú. Bí ti ìbọn ìléwọ́ alátẹ́gùn yín bá fọ́, ẹ ṣa gbogbo àfọ́kù rẹ̀ jọ, títí kan èyí tó kéré jù, kí ẹ dì í sínú àpò kan, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń da àfọ́kù nù lọ́jọ́ tó bá fọ́ gan-an, tí wọ́n á wá máa fi orúkọ ìbọn nìkan wá òmíràn kiri. Orúkọ kò tó. Ìbọn méjì lè máa jẹ́ orúkọ kan náà kí èèkù ọ̀kan má wọ ara èkejì. Àfọ́kù ọwọ́ yín ni òṣùwọ̀n; òun ni yóò sọ bóyá ohun tí ẹnì kan fẹ́ tà fún yín bá tiyín mu.

Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni mo kọ́ nílé, Birmingham ni mo sì ti ń ṣe é báyìí. Ìlú yìí ni ilé-iṣẹ́ Webley & Scott ti ṣe àwọn ìbọn wọ̀nyí, ìyẹn ló jẹ́ kí ọkàn mi fà sí wọn. Ní 1924 ni Mark I jáde. Junior tẹ̀ lé e ní 1929, Senior ní 1930, Premier ní 1964, Hurricane ní 1975, Tempest ní 1979. Ilé-iṣẹ́ náà ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Birmingham ní 2005. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá èèkù Senior tàbí Premier lónìí, yálà kí ẹ rí èyí tí wọ́n tú lára ìbọn tó ti kú, tàbí èyí tó ti sùn sínú páálí ẹnì kan láti ayé ìgbà náà, tàbí àdàkọ tí ẹlòmíràn ṣe. Ní tèmi, èyí tí wọ́n tú lára ìbọn tó ti kú ni mo máa ń kọ́kọ́ wá. Ó ti wọ irin rí, ó sì mọ̀ ọ́n wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ èèkù fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀. Lára Webley, ọ̀pá ìbọn sùn lé orí ilé písítìnì. Ẹni tó bá fẹ́ kẹ́ ìbọn náà yóò di èèkù mú ṣinṣin lọ́wọ́ kan, yóò fi ọwọ́ kejì gbé ìdí ọ̀pá sókè, yóò sì dà á síwájú títí sípíríǹgì yóò fi mú. Gbogbo agbára yẹn, àtẹ́lẹwọ́ tó di èèkù mú ló ń gbà á. Bí èèkù bá ń mì, tàbí tí àlàfo wà láàárín òun àti irin, ibi tó fẹ́lẹ́ jù ni yóò ti là. Ẹni tó bá lẹ èyí tí kò bá a mu mọ́ ọn yóò tún padà wá sójú ọjà láìpẹ́.

Kí ẹ tó tú èyí tó wà lára rẹ̀, ẹ rí i dájú pé kò sí ọta nínú ọ̀pá àti pé ìbọn náà kò sí ní kíkẹ́. Ẹ má ṣe ṣí ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ wá fọwọ́ kan ibi tí ìka ti ń fà á láti yìn ín. Sípíríǹgì á dá ọ̀pá padà pẹ̀lú agbára, ó sì lè fọ́ ìka. Lẹ́yìn náà, ẹ wá sikudíráfà tí ẹnu rẹ̀ kún ojú sikúrù náà dáadáa, ní fífẹ̀ àti ní nínípọn. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù á yọ̀, á ha ojú sikúrù, á sì fa ìlà gbọọrọ sára èèkù. Bí kò bá tú, ẹ kán òróró sí i, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ má fi ọ̀bẹ yọ èèkù láti etí, torí etí ló kọ́kọ́ máa ń kán.

Ẹ mọ ohun tí ẹ ní

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa wò ni bí èèkù náà ṣe dúró. Lára àwọn Webley ìṣáájú, èèkù dúró fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣánṣán sísàlẹ̀. Nígbà tó di àárín àwọn ọdún 1930, wọ́n yí i padà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí tó dagun sẹ́yìn. Senior wà ní oríṣi méjèèjì, ibẹ̀ sì ni owó àwọn tó ń rà máa ń ṣòfò sí jù. Ẹni tó ń tà á á kọ "Senior" sí i lára, òótọ́ ló sì sọ, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ Senior tó dúró ṣánṣán nígbà tó jẹ́ pé èyí tó dagun ló wà lọ́wọ́ yín. Ní ti àwọn tó jáde lẹ́yìn, Tempest jẹ́ Hurricane tí wọ́n gé kúrú, nítorí náà ẹni tó ń wá ti Tempest kò gbọdọ̀ fojú fo ti Hurricane dá. Kó gba òṣùwọ̀n rẹ̀ wò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí wọ́n fi ṣe é. Igi wà lára àwọn Mark I ìṣáájú. Àwọn èèkù dúdú tó pọ̀ jù tí ẹ máa bá pàdé jẹ́ vulcanite tàbí Bakelite, kí àwọn oníke tuntun tó gba ojú ọ̀nà lẹ́yìn wọn. Vulcanite jẹ́ rọ́bà tí wọ́n fi imí ọjọ́ sè títí ó fi le. Bí oòrùn bá ti pa á fún ọdún pípẹ́, dúdú rẹ̀ á máa di àwọ̀ ilẹ̀ tó fẹ́ jọ ewé gbígbẹ. Ẹ fi àtàǹpàkò ra á kíkankíkan títí yóò fi gbóná, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀: ẹ ó gbọ́ òórùn imí ọjọ́. Bakelite jẹ́ ike líle kan tí Leo Baekeland ṣe jáde ní 1907. Bí ẹ bá ti àfọ́kù rẹ̀ kékeré bọ omi gbígbóná, òórùn tó máa jáde á rán yín létí Izal tí wọ́n fi ń fọ ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ìdánwò àtàǹpàkò ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, torí omi gbígbóná máa ń ba àwọ̀ vulcanite jẹ́, ó sì lè wọ́ ọ.

Ìyàtọ̀ yìí wúlò gan-an lójú ọjà. Vulcanite máa ń rọ̀ tí ooru bá tó o, nítorí náà èyí tó wọ́ díẹ̀ ṣì ṣeé rà; a lè fi sùúrù tún un tẹ̀ padà. Bakelite kì í rọ̀ mọ́ láé lẹ́yìn tó bá ti le lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó bá wọ́ nínú rẹ̀ ti wọ́ pátápátá, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Òṣùwọ̀n

Ẹ gbé èèkù lé orí páálí tó le, kí ẹ fi pẹ́ńsù tó mú yí etí rẹ̀ ká. Tó bá ti fọ́, ẹ to àfọ́kù rẹ̀ papọ̀ kí ẹ tó yà á. Bí kò bá sí àfọ́kù rárá, ẹ gbé ìwé tín-ín-rín lé irin ìbọn níbi tí èèkù yẹ kó wà, kí ẹ fi pẹ́ńsù ra orí rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Etí irin àti àwọn ihò á yọ jáde lórí ìwé. Ẹ kọ "ọ̀tún" tàbí "òsì" sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fi kálípà wọn ìwọ̀nyí sórí páálí kan náà: gígùn rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, nínípọn rẹ̀ létí iwájú àti létí ẹ̀yìn, bí ihò sikúrù ṣe fẹ̀ tó, àti bí àárín ihò náà ṣe jìnnà tó sí etí òkè àti sí etí ẹ̀yìn. Ìwọ̀n tó kẹ́yìn yìí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Etí tó tóbi jù ṣeé rẹ́. Ihò tí kò sí níbi tó yẹ kò ṣeé gbé.

Ẹ ya fọ́tò inú èèkù náà pẹ̀lú, kì í ṣe iwájú nìkan. Àwọn orí píìnì àti ẹ̀yà irin mìíràn lè yọ síta lábẹ́ èèkù, wọ́n sì máa ń gbẹ́ ihò kékeré sínú rẹ̀ fún wọn. Àdàkọ tí inú rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ lè dára lójú, kó má sì jókòó.

Páálí yìí lẹ máa gbé kiri, ìbọn á wà nílé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, gbígbé ìbọn alátẹ́gùn kiri ìta láìní ìdí tó mọ́gbọ́n dání jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ Firearms Act ti 1968, wíwá èèkù kò sì tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ kó sínú ìyẹn. Kò sí ọlọ́pàá tí yóò torí páálí nínú àpò dá yín dúró.

Ibi tí ẹ ti máa wá a

Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Nísinsìnyí tí òṣùwọ̀n ti wà lọ́wọ́, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè.

Àwọn tó ń ta ẹ̀yà ìbọn alátẹ́gùn ni kí ẹ kọ́kọ́ kàn sí, T. W. Chambers jẹ́ ọ̀kan tí àwọn tó ń tún ìbọn ṣe mọ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá ní àdàkọ, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é. Lẹ́yìn wọn, ẹ lọ síbi ọjà ìbọn àtijọ́ tí wọ́n máa ń ṣe ní Birmingham àti ní Bisley ní Surrey. Mo fẹ́ràn ọjà wọ̀nyí ju gbogbo ibi yòókù lọ, torí ibẹ̀ ni ẹ ti lè gbé èèkù lé orí páálí yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Ẹ má dúró sídìí àwọn tábìlì tó ń dán jù. Ẹ wá àwọn bàbá tó gbé àpótí sábẹ́ tábìlì, tí irin, sípíríǹgì àti èèkù aláìlórúkọ kún inú rẹ̀. Ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ sọ ohun tí ẹ ń wá, kí ẹ sì fi páálí hàn wọ́n. Bí wọn ò bá ní i, wọ́n á mọ ẹni tó ní i. Àwọn tó ń tún ìbọn ṣe ládùúgbò náà máa ń ní àwọn ìbọn tí inú wọn ti bàjẹ́ tí ara wọn ṣì pé. Àwọn wọ̀nyẹn gan-an ni àwọn òkú ìbọn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ìbéèrè ni ọ̀nà àbáyọ. Àbúrò kan tó ń gbé ní Leeds pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí i! Èèkù Senior, méjèèjì pé, owó rẹ̀ ò sì wọ́n."

Mo ní, "Ó dúró ṣánṣán ni àbí ó dagun?"

"Wọ́n kàn kọ Senior sí i ni, sà."

"Sọ fún un kó gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó ya iwájú àti ẹ̀yìn. Kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, má sanwó."

Nígbà tí fọ́tò dé, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí tirẹ̀. Èyí tó dúró ṣánṣán ni, tirẹ̀ sì dagun. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà, ó sì ń wá a lọ títí ó fi rí èyí tó tọ́. Ẹni tó ń tajà lóòótọ́ kì í bínú sí ìbéèrè rúlà. Ẹni tó bá bínú, ẹ jẹ́ kó máa gbé ọjà rẹ̀ lọ.

Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló fọ́, ẹ má kánjú ra méjì tuntun. Ẹ̀gbẹ́ kan tó ti dàgbà pẹ̀lú ìbọn níyì lójú àwọn tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ. Ẹ wá ẹ̀gbẹ́ kejì tí ọjọ́ orí rẹ̀ sún mọ́ ọn, àwọ̀ wọn ì báà má dọ́gba tán.

Ẹnì kan lè sọ pé òun á da àdàkọ jáde fún yín pẹ̀lú résìnì. Iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kò lè bí ẹ̀gbẹ́ òsì. Bí ti òsì ló sọnù, mólùdù tí wọ́n fi ti ọ̀tún ṣe kò wúlò. Níbí ni ẹ̀rọ 3D ti ga jù ú lọ: wọ́n á ya àwòrán ẹ̀gbẹ́ tó wà, kọ̀ǹpútà á yí i padà bí ẹni wo dígí, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìlà àwọn ìpele rẹ̀ máa ń hàn, ẹ ní láti fi sáńpépà rẹ́ ẹ.

Bí ẹnì kan bá gbé èèkù eyín erin wá, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ivory Act 2018, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, ti fòfin de títà àti ríra eyín erin ní Bìrìtìkó, àfi ìwọ̀nba ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀.

Ní ti àwọn ìbọn ìdíje bíi Feinwerkbau 65, ọ̀rọ̀ wọn rọrùn díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Rink ní Jámánì ṣì ń gbẹ́ èèkù igi fún irú ìbọn ìdíje bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà sọ bóyá ọwọ́ ọ̀tún tàbí ọwọ́ òsì lẹ fi ń yìn ín, àti bí ọwọ́ yín ṣe tóbi tó.

Títún un ṣe, tàbí gbígbẹ́ òmíràn

Bakelite tó là sí méjì tàbí mẹ́ta ṣeé so. Ẹ fi asítóònì fọ ojú ibi tó ti là kí òróró àtijọ́ kúrò, ẹ po gọ́ọ̀mù Araldite tó máa ń pẹ́ kó tó gan, ẹ lọ èédú kúnná kí ẹ pò ó mọ́ ọn kó lè dúdú. Ẹ tò ó pọ̀, ẹ fi ọ̀já dè é láì fún un jù, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ lẹ aṣọ fáíbà tín-ín-rín mọ́ inú rẹ̀ níbi tí kò ti kan irin. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́ ẹ, ẹ fi omi rẹ sáńpépà, kí ẹ bo imú: asbestos wà nínú Bakelite àtijọ́ mìíràn, èéfín eruku rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fà símú.

Bí gbogbo ọ̀nà bá dí, ẹ gbẹ́ tiyín. Walnut ni igi tó yẹ. Àwọn ará ilé máa ń bi mí pé kí ló dé tí n kò lo ìrókò. Mo fẹ́ràn ìrókò fún ilẹ̀kùn àti àga, ṣùgbọ́n iṣan rẹ̀ ń lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún, nígbà tí ẹ bá sì ń fín ìlà wẹ́ẹ́rẹ́-wẹ́ẹ́rẹ́ tí ọwọ́ á fi di èèkù mú, ó máa ń hó kúrò. Eruku rẹ̀ tún máa ń yún ara, ó sì ń dí àyà ẹlòmíràn. Walnut ṣe tímọ́tímọ́, ó ń gba ìlà, kì í sì í ṣe àlejò lára ìbọn Webley.

Ẹ gé pákó náà kó fi díẹ̀ nípọn ju òṣùwọ̀n lọ, kí iṣan igi máa lọ sókè-sódò èèkù, kó má dábùú. Ẹ̀yìn tó máa kan irin ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ lu ihò sikúrù nígbà tí pákó ṣì dúró ní igun mẹ́rin, kí ó lè tọ́. Ẹ fi sikúrù dè é mọ́ irin, ẹ fa ìlà yí etí ká, kí ẹ tó gé e. Ojú òde ni kí ẹ gbẹ́ gbẹ̀yìn. Tí ẹ bá fi òróró linseed pa á, ẹ tẹ́ àkísà tí ẹ lò síta kó gbẹ, ẹ má rún un jọ sínú garawa. Òróró yìí máa ń gbóná fúnra rẹ̀ títí iná á fi sọ.

Kí èèkù tó jókòó dáadáa, ẹ fi pẹ́ńsù kun irin ìbọn, ẹ tẹ èèkù mọ́ ọn, ẹ yọ ọ́. Ibi tí dúdú bá ti mọ́ ọn ni ó ga; ẹ ha ibẹ̀ díẹ̀, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Èèkù ni kí ẹ máa rẹ́, ẹ má ṣe kan irin láé. Mo ti rí ìbọn tí wọ́n fi fáìlì jẹ irin rẹ̀ torí èèkù olówó pọ́ọ́kú, kò sì sí èèkù gidi tó tún lè wọ̀ ọ́ mọ́. Inú bí mi gidigidi.

Sikúrù náà ní òfin tirẹ̀. Nínú irin wẹ́wẹ́ àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, eyín sikúrù tí wọ́n ń pè ní BA wọ́pọ̀, kò sì bá ti mílímítà òde òní dọ́gba. 2BA fẹ̀ tó mílímítà 4.7, ẹni tó bá rò pé M5, ìyẹn ti mílímítà 5, ló máa wọ̀ ọ́ á jẹ eyín ihò náà run. Ẹ fi gééjì wọn eyín sikúrù àtijọ́ yín kí ẹ tó ra òmíràn. Nígbà tí ẹ bá ń dè é, ẹ dúró ní kété tí èèkù kò bá mì mọ́. Àṣejù níbí ló fọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń gbé wá bá mi.

Òfin díẹ̀ ló kù. Èèkù kì í ṣe ìbọn, nítorí náà ó ṣeé fi ránṣẹ́ nínú ìfìwéránṣẹ́. Bó bá jẹ́ odindi ìbọn alátẹ́gùn lẹ fẹ́ rà lọ́wọ́ oníṣòwò nítorí èèkù rẹ̀, ojúkojú ló gbọ́dọ̀ ti fà á lé yín lọ́wọ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 18. Ní Scotland, ẹni tó bá ní i gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti òpin 2016. Nàìjíríà ńkọ́? Firearms Act ilẹ̀ wa ka ìbọn ìléwọ́ alátẹ́gùn mọ́ àwọn tó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, nítorí náà ẹ má dì í mọ́ ẹrù lọ sílé. Bí gbẹ́nàgbẹ́nà kan nílé bá fẹ́ bá yín gbẹ́ èèkù, páálí òṣùwọ̀n ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí i, pẹ̀lú fọ́tò inú àti òde.